Àgbẹ̀ Tó Rò Pé Ebè Ló Ń Sán

Ọkùnrin kan wà, àgbẹ̀ oníṣu ni, tí ẹnì kan ṣe níkà ní èṣí, nígbà tí iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọjà. Kì í ṣe olè ló dá a lọ́nà, kì í sì í ṣe ọ̀tá ló fi nǹkan sí i lóúnjẹ. Ẹni tó ṣe é níkà wọ aṣọ funfun, ó sì rẹ́rìn-ín sí i.

Ní abúlé àgbẹ̀ yìí, bí àwọn ọkùnrin bá ti parí ọ̀wẹ̀ lóko ẹnì kan, odò kan náà ni wọ́n ti jọ máa ń wẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, aláwàdà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wo ìhòòhò rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

"Háà, baba oníṣu! Gbogbo ajílẹ̀ tí ò ń kó lọ sóko yìí, o ò rántí bu díẹ̀ síbẹ̀ yẹn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dàrú. Àgbẹ̀ náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a délé, ó bá a jẹun, ó bá a sùn. Kò sí àrùn kankan lára rẹ̀. Ó ti bí ọmọbìnrin kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ń tọrọ èkejì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò bi ìyàwó rẹ̀ léèrè nǹkan kan. Ẹ̀rín etí odò ló gbà gbọ́.

Nílùú tí wọ́n ti ń ná ọjà, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó rẹ̀ pé ibẹ̀ ni ọkùnrin ti ń di ọkùnrin. Ọkùnrin aláṣọ funfun yẹn, tí wọ́n ń pè ní Onífunfun, ló ni ín. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Àgbẹ̀ lọ bá a, Onífunfun sì fa omi kan tó ki bí òróró sínú abẹ́rẹ́.

"Kí ni ìyẹn, dókítà?"

"Ṣé iṣu lo fẹ́ jẹ ni, àbí o fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó gbìn ín?"

Ojú ti àgbẹ̀, ó tú ṣòkòtò. Wọ́n gún un.

Kò pẹ́ tí ibẹ̀ fi wú. Awọ rẹ̀ fà, ó ń dán, ó sì ń ta á bí iná. Ẹlòmíràn ì bá ti sáré lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé bí iṣu bá ń tóbi nínú ilẹ̀, ebè á sán, inú olóko á sì dùn. "Ebè ló ń sán," ló ń wí fún ara rẹ̀ bó ti ń fi eyín lé eyín.

Ó tilẹ̀ ṣa iṣu tó tóbi jù nínú àká, ó gbé e lọ fi dúpẹ́. Onífunfun mú un síwájú àwọn tó jókòó de abẹ́rẹ́, pé kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ti ṣe é. Àgbẹ̀ sì jẹ́rìí. Aláwàdà ọjọ́sí wà láàárín wọn, ó doríkodò.

Nígbà tí awọ náà sán lóòótọ́, ọyún ló jáde. Ibà gbé àgbẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Dókítà gidi sọ pé ohun tí wọ́n fi sí i ti wọnú ẹran, ó ti dì, kò ṣeé fà padà, ẹran ibẹ̀ sì ti ń kú. Ó béèrè ohun tó jẹ́. Àgbẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n gé ohun tó ti kú. Èyí tó kù kò lè ṣe iṣẹ́ ọkọ mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. "Bàbá Àsàbí, ta ló sọ fún yín pé ohun tí mo ní kò tó mi?"

Lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, aláwàdà ń gbọ́. Òun náà ti gba abẹ́rẹ́, ibà rẹ̀ kò sì lọ. Kò ṣàwàdà mọ́.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ yìí, ara rẹ kì í ṣe ebè. Ohun tó ń dàgbà ló ń mú ilẹ̀ sán. Ohun tó ń bàjẹ́ ló ń mú awọ ènìyàn sán. Bí wọ́n bá fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà, bi ẹni tí ẹ jọ ń gbélé kí o tó bi ẹni tó ń tajà. Bí o bá sì ti gba irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, má jẹ́ kí ìtìjú ká ọ mọ́lé; lọ sílé ìwòsàn lónìí. Má sì bá wọn pe àgbẹ̀ ní òmùgọ̀. Ìwà òmùgọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ìlú ń sọ, pátákó yẹn sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Àgbẹ̀ padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń fi ọ̀pá rìn. Kò béèrè owó, kò ṣépè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà níṣojú àwọn tó jókòó.

"Aláwàdà ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí lo fi sínú abẹ́rẹ́ yẹn? Sọ ọ́."

Onífunfun mú àkísà, ó ń nu orí tábìlì rẹ̀.