Fútà Oníbéèsì àti Àpótí Tí Àwọn Ọmọ Jókòó Lé

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti kọjá díẹ̀, ọyẹ́ sì mú débi pé òkè tó wà lódìkejì odò kò hàn, nígbà tí Mùfútàù gbé gìtá rẹ̀ àti àpótí sípíkà kan sínú ọkọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Ilé-ìwé kan tó wà ní ẹ̀yìn ìlú ló ń lọ. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ fẹ́ lọ sí Èkó láti gba àwo orin wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀, aago méjìlá sì ni bọ́ọ̀sì wọn yóò gbéra.

Káfíńtà ni Mùfútàù tẹ́lẹ̀. Òun ló kan àpótí sípíkà fún Ẹgbẹ́ Àrá, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún tó ń kọ orin rọ́ọ̀kì ní Abẹ́òkúta nígbà tí irun ńlá àti ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàràgàdà gbòde. Ẹnì kan wà láàárín wọn tó ń ta gìtá béèsì, ìyẹn gìtá olókùn mẹ́rin tó nípọn, tó máa ń dún nísàlẹ̀. Nígbà tí ẹni náà fi wọ́n sílẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ní kí káfíńtà bá wọn di gìtá náà mú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan di ọdún mẹ́fà. Ọwọ́ tó ti mọ ayùn lára kò bẹ̀rù okùn gìtá. Àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Fútà Oníbéèsì.

Nílé, ó ń fi gìtá náà kọrin fún àwọn ọmọ rẹ̀: orin ewúrẹ́ tó jẹ ọṣẹ, orin ìka ẹsẹ̀ márùn-ún tó ń jà nítorí bàtà. Àwọn ọmọ àdúgbò gbọ́, àwọn tíṣà náà gbọ́. Nígbà tó yá, àwọn ilé-ìwé ń ránṣẹ́ pè é, ó sì gba orin mẹ́wàá sínú kásẹ́ẹ̀tì kan. Inú Ṣẹ̀san, ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, kò dùn sí i.

“Alàgbà Ọlọ́mọwẹ́wẹ́,” ni Ṣẹ̀san máa ń pè é. “Àwa ń fi orin dẹ́rù ba ìlú, ìwọ ń fi tìrẹ nu imú ọmọdé.”

“Imú ọmọ náà fẹ́ ẹni tí yóò nù ún, ọ̀gá.”

“Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo o. Béèsì tí ò ń ta yìí gan-an, ta ló ń gbọ́ ọ? Gìtá tèmi ni wọ́n ń gbọ́.”

Nígbà tí ìrìnàjò Èkó ku ọjọ́ kan, Ṣẹ̀san sọ ọ́ débi tó le. “Bí aago méjìlá bá lù tí n kò rí ọ, Táyé ará Ìjẹ̀bú ni yóò ta béèsì inú àwo náà. Kò sì ní fi í sílẹ̀ fún ọ mọ́.” Fútà mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ọdún mẹ́fà ló ti ń retí àwo yẹn. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí fún ilé-ìwé náà, ó sì rò pé wákàtí kan yóò tó.

Ohun tó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu níbẹ̀ ni bí kíláàsì náà ṣe dákẹ́. Ọgbọ̀n ọmọ ló jókòó, kò sí ariwo. Ó so wáyà mọ́ iná, ó kọ orin ewúrẹ́. Wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Ó kọ orin ìka ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Tíṣà Wúràọlá, obìnrin tó kọ ìwé pè é.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni mo ṣe fún wọn?”

“Ẹ kò ṣe nǹkan kan, sà. Adití ni gbogbo wọn.”

Fútà gbé ọwọ́ kúrò lára okùn. “Ẹ kò sì kọ ọ́ sínú ìwé.”

“Bí mo bá kọ ọ́, ṣé ẹ ó wá?” Obìnrin náà kò gbé ojú sílẹ̀. “Wọ́n ti ojú fèrèsé rí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wà lódìkejì títì tí wọ́n ń jó, lọ́jọ́ tí ẹ wá síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ bi mí pé kí ló ń mú wọn jó. N kò rí èsì fún wọn.”

Fútà kò bínú, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó kù láti ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù mọ́. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbídùn ti gun orí àpótí sípíkà, ó jókòó, ó ń mi ẹsẹ̀. Fútà fẹ́ dẹ okùn tó nípọn jù, ó sì kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò ta á lẹ́ẹ̀kan. Ìbídùn fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ ní ìdí. Ó wo àpótí náà. Ó rọra tún jókòó, ó sì nawọ́ sí Fútà pé kó tún un ṣe. Fútà tún un ṣe. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà sí àwọn yòókù.

“Kí ló wí?” ni Fútà béèrè.

“Ó ní nǹkan kan wà nínú àpótí yìí,” ni Tíṣà túmọ̀. “Ó ní ó ń rìn nínú egungun òun.”

Kí Tíṣà tó gbọ́wọ́ sókè, gbogbo ọmọ ti ya bo àpótí náà. Ọmọ mẹ́rin péré ni orí rẹ̀ gbà. Àwọn tó kù ń fà wọ́n láṣọ, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ara wọn. Fútà tún orin ìka ẹsẹ̀ ta láìkọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn mẹ́rin tó jókòó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi èjìká lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwọn mẹ́rin kan bá dìde, mẹ́rin mìíràn á jókòó. Kò wo aago mọ́.

Ó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù nígbà tí bọ́ọ̀sì Ẹgbẹ́ Àrá, tó wá Fútà wá, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣẹ̀san wọlé, ó béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ Tíṣà, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

“Adití! Fútà, o mà pa mí lẹ́rìn-ín o! Nínú gbogbo ayé yìí, àwọn tí kò gbọ́ lo rí kọrin fún?”

“Wọ́n ń gbọ́, ọ̀gá.”

“Bí wọ́n bá ń gbọ́ tìrẹ, wọ́n á gbọ́ tèmi.” Ṣẹ̀san lọ gbé gìtá rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó so ó mọ́ sípíkà náà, ó ta orin tí gbogbo Abẹ́òkúta fi mọ̀ ọ́n, ìka rẹ̀ ń sáré lórí àwọn okùn tín-ín-rín tó ń dún lókè. Àwọn ọmọ mẹ́rin tó wà lórí àpótí tẹjú mọ́ ọn. Ìbídùn fi ọwọ́ sọ nǹkan kan.

“Kí ló wí?” ni Ṣẹ̀san béèrè.

Tíṣà túmọ̀ rẹ̀. “Ó ń béèrè bóyá ohun tó wà nínú àpótí ti kú, sà.”

Ṣẹ̀san tú wáyà rẹ̀. “Bọ́ọ̀sì ń lọ, Fútà. Kí lo wí?”

Fútà wo bọ́ọ̀sì náà. Ó wo àwọn ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ń dúró kí àyè tún kàn wọ́n.

“Ẹ bá mi kí Táyé, ọ̀gá,” ó ní. “Ẹ sọ fún un kó má ṣe sáré nínú orin kẹta.”

Nígbà tí bọ́ọ̀sì náà lọ tán, ó tọrọ ọ̀bẹ kan lọ́wọ́ Tíṣà, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó tú ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrò lára férémù, ó gbé pákó ńlá náà lé orí àpótí sípíkà, kí gbogbo ọmọ lè rí ibi fọwọ́ lé, ó sì mú gìtá rẹ̀. Ibẹ̀ ni òwe tí àwọn àgbà àdúgbò wa ń pa ti bẹ̀rẹ̀, pé: Etí nìkan kọ́ ní í gbọ́ orin; egungun náà ń gbọ́.