Aṣọ Àwẹ̀ró àti Àkísà Ìyá Àgbà

Nígbà tí ọkọ̀ ilẹ̀ kò tíì dé, tí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹni ni ẹṣin ẹni, obìnrin kan wà ní Ìṣẹ́yìn tí wọ́n ń pè ní Ẹfúnyẹlá. Aṣọ òfì ni ó ń tà, ṣùgbọ́n kì í tà á nílé. Ilẹ̀ Tápà, ní òdìkejì Odò Ọya, ni ó ń gbé e lọ, ìlẹ̀kẹ̀ ni ó sì ń gbé bọ̀. Ó ti ń rin ọ̀nà náà láti ìgbà èwe rẹ̀ títí orí rẹ̀ fi funfun, tí orúnkún rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣẹjọ́.

Àwẹ̀ró ni ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọmọge tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ ni, ojú rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Kò sí ohun tí ó wù ú láyé ju kí ó jogún ọ̀nà Tápà lọ́wọ́ ìyá àgbà. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sọ ti ọkọ tí wọn yóò fẹ́, ti odò ni òun ń sọ, odò tí kò tíì fi ojú rí. Ṣùgbọ́n Oyèékàn, bàbá rẹ̀, tí ó jẹ́ ahunṣọ, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀ jù, ó sọ fún Ẹfúnyẹlá, ìyá tí ó bí i, pé:

"Ẹ mú un lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ta ọjà tán, tí àwọn ará ọ̀hún sì gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀, ọ̀nà di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá padà wálé, kí ó wá jókòó tì mí nídìí òfì títí a ó fi fi í fọ́kọ. N kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àjò mọ́."

Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, Àwẹ̀ró ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Mo gbà, Bàbá! Ẹ ṣé, Bàbá!"

Ibi ẹrù dídì ni àríyànjiyàn ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwẹ̀ró kó gbogbo aṣọ tí ó ní jáde: sányán, ẹtù, àlàárì pupa tí bàbá rẹ̀ hun fún un, bùbá, gèlè, títí kan ìborùn tí ó yá lọ́wọ́ àbúrò ìyá rẹ̀. Ó tún ra bàtà awọ tuntun lé e, irú èyí tí ń dún kò-kà-kò-kà kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀. Ìyá àgbà wò ó títí.

"Àwẹ̀ró, ṣé ìyàwó là ń sìn lọ ni?"

"Ìyá àgbà, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀." Ìyá àgbà tú ẹrù tirẹ̀ láti tún un dì. Ẹ bá mi rí nǹkan! Aṣọ ìpààrọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Gbogbo ìyókù, àkísà ni: aṣọ tí ó ti gbó, aṣọ tí ó ti ya, aṣọ tí ó ti ṣá. Àwẹ̀ró fi ìka méjì fa ọ̀kan yọ. Ẹtù àtijọ́ ni. Láàrin àwọn ilà funfun tín-ín-rín tí ó gba gígùn aṣọ náà kọjá, ilà kan ṣoṣo jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, ó sì ta yọ láàrin àwọn tí ó kù.

"Ta ló hun èyí? Àbí ó ń tòògbé ni?"

"Bàbá mi ni. Kò tòògbé rárá. Òwú funfun ló tán lọ́wọ́ rẹ̀, ojú sì ń kán an."

"Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n sílẹ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́. Wọn yóò ní òtòṣì ló wá."

"Gbé tìrẹ, ọmọ mi, kí n gbé tèmi."

"Aṣọ tèmi kúkú pọ̀ ju tiyín lọ!"

"Ó pọ̀ jù ú lọ dáadáa," ni ìyá àgbà wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "N kò bá ọ jiyàn."

Wọ́n bá àwọn oníṣòwò mìíràn kẹ́gbẹ́, wọ́n sì mú ọ̀nà pọ̀n. Ojú Àwẹ̀ró kò sinmi. Gbogbo ìlú tí wọ́n bá wọ̀ ni ó ti ń pààrọ̀ aṣọ, títí àwọn tí wọ́n jọ ń lọ fi sọ ọ́ ní Ìyàwó Ọ̀nà. Bí ó bá rí ẹni tí ilà ojú rẹ̀ ṣàjèjì, á dúró wò ó. Bí ó bá gbọ́ èdè tí kò gbọ́ rí, á máa pè é ní àpètúnpè lábẹ́ ahọ́n, ìyá àgbà á sì máa fà á lọ́wọ́ pé ilẹ̀ ń ṣú.

Nígbà tí wọ́n dé Odò Ọya, igbe ni ó ké.

"Ìyá àgbà, òdìkejì rẹ̀ dà?"

"Ó wà níbẹ̀. Òun náà ń wá tìrẹ kiri," ni ọlọ́kọ̀ dá a lóhùn, gbogbo ènìyàn sì bú sẹ́rìn-ín. Nínú ọkọ̀, Àwẹ̀ró fi ọwọ́ kan di ìyá àgbà mú, ó ki èkejì bọ omi, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù ń bà á kí ó má lọ jẹ́ àlá.

Ṣùgbọ́n bàtà tuntun kì í mọ ọjọ́ ayọ̀. Nígbà tí wọ́n fi gúnlẹ̀, bàtà ti jẹ ẹ́ ní gìgísẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ, kò sì lè rìn dáadáa mọ́. Ìyá àgbà mú un jókòó sábẹ́ igi, ó fọ ẹsẹ̀ náà, ó tú àkísà rẹ̀ wò, ó sì mú ẹtù onílà ìyeyè.

"Èyí tí mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn?" ni Àwẹ̀ró bi í.

"Òun ló rọ̀ jù." Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. "Etí odò yìí náà ni. Ìrìnàjò mi àkọ́kọ́ ni, n kò sì ju bí o ti rí yìí lọ. Aṣọ tuntun ẹyọ kan tí mo ní nìyí. Obìnrin Tápà kan tí a jọ wà nínú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Bí a ti gúnlẹ̀ ni ọmọ náà gúnlẹ̀. Kò sí aṣọ tí a ó fi gbà á. Ni mo bá gba ọ̀bẹ ọlọ́kọ̀, mo gé ìró mi sí méjì, mo sì fi ìdajì gba ọmọ. Nnàkó ni orúkọ ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di onílé mi ní Kúsógì, ìlú tí à ń lọ yìí."

"Ẹ kò sunkún nítorí aṣọ yín?"

"Èmi? Mo sunkún ju ọmọ tuntun lọ!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti fẹ́ wọ Kúsógì, Àwẹ̀ró yà sẹ́yìn igbó, ó ró àlàárì pupa, ó sì fa ìró náà wálẹ̀ títí ó fi bo àkísà mọ́lẹ̀.

Òfin kan wà lọ́jà Kúsógì: àlejò tí kò bá ní onílé tí yóò dúró fún un kò gbọdọ̀ tẹ́ ọjà sílẹ̀. Nítorí náà, ilé Nnàkó ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ọdún mélòó kan ni orúnkún ti dá ìyá àgbà dúró nílé, ó sì ń yára bí ẹni pé ó gbọ́ òórùn ọbẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Obìnrin tí kò mọ̀ rí ni ó jáde sí wọn.

"Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀," ni Àwẹ̀ró wí.

"Ọ̀nà tí o fẹ́ jogún ni. Máa sọ."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó kí i, ó ní ọ̀dọ̀ Nnàkó ni àwọn wá. Obìnrin náà gbọ́ èdè wa dáadáa. Ó ní Yẹbò ni orúkọ òun, ọmọ Nnàkó ni òun, láti kékeré ni òun ti wà lọ́dọ̀ ẹbí bàbá òun ní ìlú mìíràn, ibẹ̀ ni òun sì ti lọ́kọ, ìgbà tí ìyá òun kú ni òun padà wálé.

"Nnàkó ti lọ?" Ìyá àgbà di ògiri mú, ó rọra jókòó sílẹ̀. "Háà! Ọ̀rẹ́ mi ò dúró dè mí."

Yẹbò mi orí. "Ẹ má bínú, ìyá. Gbogbo ayé ni ọ̀rẹ́ ìyá mi. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn kan wá bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ro ìtàn ìyá mi fún mi, aṣọ ọrùn wọn dára ju ti ọmọ yìí lọ. Mo dúró fún wọn lọ́jà, wọ́n sì kó ẹja olẹ́ja sá lọ. Ojú tì mí ní gbogbo ìlú yìí. N kò lè dúró fún àlejò mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ wò mí," ni Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́, ó na etí àlàárì rẹ̀ sí i. "Ṣé aṣọ olè nìyí?"

"Aṣọ tuntun kì í sọ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ fún mi. Ẹ máa lọ, kí Ọlọ́run sìn yín."

Ọ̀rọ̀ tán. Lójú inú, Àwẹ̀ró rí òfì bàbá rẹ̀, ó sì rí ara rẹ̀ nídìí òfì náà, láìní rí odò náà mọ́ láé. Omijé bò ó lójú. Ó yíjú padà, ó ń tiro lọ, ó sì gbé ìró sókè kí ó má baà kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Dúró!" Yẹbò kígbe. "Kí ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ yẹn?"

Ojú ti Àwẹ̀ró dé ọrùn. "Àkísà ni, ìyá. Ẹ má wò ó."

Yẹbò kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà lé itan rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ kúrò lára àkísà náà títí ilà ìyeyè fi hàn. Ló bá dìde, ó sáré wọlé. Ìgbà tí ó jáde, aṣọ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n tọ́jú bí ẹyin. Ẹtù ni, ilà ìyeyè kan sì wà láàrin àwọn funfun. Ó tú àkísà ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró, ó fi etí aṣọ méjèèjì kan ara wọn. Ilà pàdé ilà. Ibi tí ọ̀bẹ ti gé e wọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an bá ara mu.

"Aṣọ tí wọ́n fi gbà mí sáyé nìyí," ni Yẹbò wí. "Ìyá mi ní ọmọdébìnrin àlejò kan ló gé ìró ara rẹ̀ fún mi létí odò. Kò sí ọjọ́ tí kì í súre fún un."

Ìyá àgbà dìde. Ó gbàgbé pé òun ní orúnkún. "Ìwọ ni? Igbe tí o ké lọ́jọ́ náà, etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di!"

Wọ́n di mọ́ra, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pe orúkọ Nnàkó. Àwẹ̀ró dúró lórí ẹsẹ̀ kan láàrin wọn pẹ̀lú gbogbo àlàárì rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rántí pé ó wà níbẹ̀. Kò dùn ún rárá. Òun náà ti ń sunkún ayọ̀.

Yẹbò fúnra rẹ̀ ni ó bá wọn tẹ́ aṣọ lọ́jà, ó sì ń pariwo fún gbogbo ẹni tí ó ń kọjá pé, "Ẹ wá rà lọ́wọ́ ẹni tó gbà mí sáyé!" Aṣọ tà tán, ìlẹ̀kẹ̀ kún agbọ̀n. Sàlámátù, ọmọ Yẹbò, jẹ́ ẹgbẹ́ Àwẹ̀ró. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, síbẹ̀ ẹ̀rín wọn ni ó ń jí ilé. Wọ́n jẹ ẹja papọ̀, wọ́n jùmọ̀ wọ gbogbo aṣọ inú ẹrù Àwẹ̀ró tán. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pínyà, Àwẹ̀ró mú àlàárì pupa jáde, ó na ọ̀bẹ sí Sàlámátù, ó di ojú rẹ̀ pinpin, ó sì fi ọwọ́ júwe fún un pé kí ó gé e sí méjì, kí oníkálukú mú ìdajì kan.

Nígbà tí wọ́n délé, Oyèékàn wo agbọ̀n ìlẹ̀kẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ni ó rí àlàárì.

"Ta ló gé iṣẹ́ ọwọ́ mi sí méjì?"

"Èmi ni, Bàbá," ni Àwẹ̀ró wí, ó gbé e mọ́ àyà. "Ó kù díẹ̀ kó di àkísà. Ẹ jẹ́ kí n máa rin ọ̀nà náà títí yóò fi gbó."

Oyèékàn wo ìyá rẹ̀, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀nà di tìrẹ."

"Ẹ jẹ́ kó lọ o," ni ìyá àgbà wí, ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ẹtù onílà ìyeyè. "Aṣọ rẹ̀ ti ju tèmi lọ tipẹ́. Ti àkísà ni kò tíì bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn ará ilé, wọ́n gbé e dé ọjà, ọjà sì gbé e kárí ilẹ̀ Yorùbá. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un tí wọ́n fi ń wí títí dòní pé: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.