Ìdí Tí Ẹ̀gà Fi Ń Tú Ilé Rẹ̀ Ká

Nígbà láéláé, kí fóònù àti kọ̀ǹpútà tó dáyé, ilẹ̀kùn méjìlá ni ilé ẹ̀gà máa ń ní. Mọ́kànlá nínú wọn, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ẹyọ kan tó ń ṣí gan-an kò yàtọ̀ sí àwọn yòókù, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣí i: ẹ ó fi ẹnu kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ó fa okùn ọwọ́ òsì, ẹ ó wá dúró díẹ̀.

Ẹ̀gà ni ọ̀gá kọ́lékọ́lé nínú igbó nígbà náà, ìgbéraga rẹ̀ kò sì kéré. Bí àlejò bá ń tàràkà lẹ́nu ọ̀nà, á jókòó sórí ẹ̀ka, á máa rẹ́rìn-ín.

"Ilé mi kò ní àléébù," á ní. "Orí yín ni kò pé."

Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní olódo, nítorí náà gbogbo wọn ń yìn ín. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òjò fi pa Àdàbà níta ilé tí Ẹ̀gà kọ́ fún un, síbẹ̀ ó tún gbé ẹ̀bùn wá fi dúpẹ́.

Nígbà tó yá, Ẹ̀gà gbé Àwẹ̀ró níyàwó. Ó kọ́ ilé kan fún un lórí ẹ̀ka tó nà sórí odò, ilé náà sì rẹwà ju gbogbo èyí tó ti kọ́ rí lọ. Lọ́jọ́ tí Àwẹ̀ró fẹ́ yé ẹyin àkọ́kọ́, òjò ṣú dẹ̀dẹ̀.

"Ọkọ mi, ibo ni kí n gbà wọlé?"

"Ronú díẹ̀, aya mi. Ó hàn kedere."

Àwẹ̀ró kan ilẹ̀kùn kìíní, kò ṣí. Ó kan ìkẹta, kò ṣí. Ó fa okùn ìkeje, ilẹ̀kùn náà tì í sẹ́yìn. Òjò dé, ẹyin ò sì lè dúró mọ́. Ẹnu ilẹ̀kùn kẹsàn-án ló ti bọ́ lára rẹ̀, ó sì já sínú odò.

Àwẹ̀ró ké. Ẹ̀gà náà ké, ṣùgbọ́n agídí kò jẹ́ kó dákẹ́.

"Ṣebí mo ti ṣàlàyé fún ọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó! Ẹ̀ẹ̀mẹta, okùn òsì..."

"Ó dáa," ni Àwẹ̀ró wí, tòun ti omijé lójú. "Ẹ̀yin náà ẹ wọlé, kí n rí i."

Ẹ̀gà kan ilẹ̀kùn kan, kò ṣí. Ó bọ́ sí òmíràn. Òjò ń pa á, ó ń yí ilé po, kò mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó mọ́. Ojú tì í. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi nítorí ẹyin náà. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi tú ilé náà ká, koríko kan tẹ̀lé èkejì, títí kò fi ku nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà ni ilé ẹ̀gà ti ń ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, tó ṣí sílẹ̀ gbayawu nísàlẹ̀. Akọ ẹ̀gà á kọ́lé tán, á pe ìyàwó kó wá yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì gbọdọ̀ júwe ọ̀nà fún un. Bí ìyàwó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ó parí. Bó bá fò lọ, ọkọ á tú u ká, á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, kò sì ní sọ pé orí ẹnikẹ́ni kò pé.

Bí ẹ̀yin náà bá tẹ fóònù títí tí kò gbé yín débi tí ẹ ń lọ, ẹ má bú ara yín. Ẹni tó ṣe é ni kò tíì fẹ́ Àwẹ̀ró.