Bọ́tìnnì Tí Baba Alága Kọ̀ Láti Tẹ̀

Mo búra, òótọ́ ni ìtàn yìí, ó kéré tán ìdajì rẹ̀.

Nígbà tí ayélujára ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Ládiméjì ń wá iṣẹ́ ẹgbẹ́ onílé lójú méjèèjì, ó sì ṣe ìkànnì fún wọn. Ó kọ WO ILE gàdàgbà sí bọ́tìnnì rẹ̀, láìfi àmì sí i.

“Baba Alága, ẹ tẹ̀ ẹ́.”

“Wó ilé? Ilé tí mo fi ogún ọdún kọ́?”

“Wọlé ni, Baba! Ó hàn kedere.”

“Sí ìwọ tó kọ ọ́! Ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Gbé ẹ̀rọ rẹ lọ, ọmọ mi.”

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ládiméjì. Irọ́ kan ni mo pa: Baba kò pè é ní ọmọ mi. Ohun tó pè é kò ṣeé kọ.