Ajá Tó Jẹ Ṣokoléètì

Àgbẹ̀ kan wà lọ́nà Ìdànrè tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbin kòkó. Ó ń sá a, ó ń tà á, kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Bàbá rẹ̀ ló fi oko náà sílẹ̀ fún òun àti àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó. Láti ọjọ́ tí bàbá ti kú ni ẹ̀gbọ́n ti ń fura pé àbúrò yóò wá gba oko mọ́ òun lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò dé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé ṣokoléètì pẹlẹbẹ ńlá kan lé e lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ọwọ́ yín rèé. Ẹ tọ́ ọ wò."

Háà! Nílé wa, ṣé ẹni tó gbé ẹmu wá kọ́ ló ń kọ́kọ́ mu ún? Àbúrò ti pẹ́ lájò, ó ti gbàgbé, kò fi kan ẹnu. Ẹ̀gbọ́n tú bébà rẹ̀ wò. Ó dúdú, ó ń ta sánsán, kò jọ kòkó kankan tó mọ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé májèlé ni. Ó dúpẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì lọ gbé gbogbo rẹ̀ fún ajá lẹ́yìnkùlé.

Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń gbọ̀n. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Ẹ̀gbọ́n figbe ta, ó pe mọ̀lẹ́bí jọ, ó ní àbúrò fẹ́ pa òun. Àbúrò búra títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣẹ́ kù tí ì bá jẹ níwájú wọn. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí obìnrin kan tó wá ra kòkó tó yọ irú ṣokoléètì yẹn, tó bù ú sẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n, tó ti di bàbá arúgbó, pariwo, "Tu ú dànù! Májèlé ni, ó pa ajá mi!"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, kòkó yín náà ni. Wọ́n yan án, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi ṣúgà pò ó. Ajá ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí àbúrò. Èsì tó padà wá kò gùn: "Èmi ni mo wà níwájú yín, ẹ̀gbọ́n mi, ajá lẹ lọ bi léèrè." Àbúrò kò sì wá mọ́ títí ẹ̀gbọ́n fi kú.

Ìwọ tí o jókòó tì mí yìí, tí o ń ṣọ́ ọmọ ìyá rẹ bí ẹní ṣọ́ olè, mo ti gbọ́ gbogbo ẹjọ́ tí o rò. Ìfura loògùn àgbà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n o ò tíì bi í rí. Má fi ikùn ajá wọn inú ọmọ ìyá rẹ. Dìde, lọ bi í.