Ìkíni Kọ́, Ìbéèrè Ni

Ọkùnrin kan wà tó ń gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn bọ̀, tí ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Àtẹ̀gùn méje péré ni. Ó dúró lórí ìkẹta, ó ṣe bí ẹni tó ń wo igi máńgòrò. Ó dúró lórí ìkarùn-ún, ó tún wo igi náà. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé kò sí nǹkan kan lórí igi.

Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin yìí fi la pákó ní sọ́mìlì, eruku pákó sì ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá irú ara bẹ́ẹ̀ gbé. Ìjókòó ló ti ń sùn, ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Bí èémí bá gé e, á sún ẹnu jọ, á máa fẹ́ atẹ́gùn jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá ni àìsàn náà ti ń le sí i. Dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró kì í gbé ìlú wọn. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ló ń wá, ẹni mẹ́wàá péré ló sì ń rí. Nọ́ọ̀sì ló ń yan àwọn tí tiwọn le jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọn kò yan ọkùnrin yìí, ìdí nìyẹn tí ìyàwó rẹ̀ fi bá a wá.

"Nọ́ọ̀sì, kí lọkọ mi fi ṣẹ̀ yín?"

Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé. "Ìyá, ohun tí bàbá bá sọ ni mo ń kọ. Oṣù kẹta: 'Ara le.' Oṣù kẹfà: 'Ara le, a dúpẹ́.' Oṣù kẹsàn-án: 'Koko lara ọta ń le.'"

Obìnrin náà yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó wọ bàtà tán?"

"Nọ́ọ̀sì ló ní, 'Ẹ ǹlẹ́ bàbá, ṣé ara le?' Ọmọlúàbí wo ni yóò dáhùn pé kò le? Ṣé ẹnu ara mi ni n ó fi pe àìsàn?"

"Bàbá, mi ò kí yín. Mo ń bi yín ni." Nọ́ọ̀sì mú bírò. "Òní ni mo ń fi orúkọ ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Bàbá, ṣé ara le?"

"A dúpẹ́." Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé àpò rẹ̀, ó ń lọ. Ọkùnrin náà fẹ́ pè é padà. "Ìyá Mórẹ́…" Èémí gé e. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ohùn kò jáde rárá. Obìnrin náà ti yí kọ́nà.

Ọkùnrin náà di etí tábìlì mú títí èémí fi padà.

"Kọ ọ́," ló wí. "Kọ ọ́ pé mo pe ìyàwó mi, kò gbọ́."

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí, ó ti sú wa. A bi ọ́ léèrè ilé rẹ, o ní a dúpẹ́. A bi ọ́ léèrè ohun tó ń ká ọ lára, o ní ìṣẹ́gun ni. Lẹ́yìn náà ni wàá máa bínú pé a gbàgbé rẹ. Ẹni tó kọ́ ọ ní ìkíni ṣeun. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó lè ràn ọ́ lọ́wọ́ bá bi ọ́, sọ ibi tó ń dùn ọ́.