Gọ́tà Òkété àti Géètì Erin

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi rìn nínú ẹrẹ̀, ó yọ̀ tẹ̀rẹ́, ó ṣubú sí àdúgbò Òkété.

Ẹ̀yin ọmọ, bí òjò bá rọ̀ níbẹ̀, omi a wọlé gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ni Òkété, Akàn àti Pẹ́pẹ́yẹ bá bẹ ara wọn lọ́wẹ̀, wọ́n gbẹ́ gọ́tà. Ilẹ̀ gbẹ, àdúgbò dùn ún wò. Ìgbà yẹn ni Erin ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ọ̀nà ibẹ̀!

Ó ní, "Èmi ni baálẹ̀ yín." Wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ó padà wá, ó ri géètì sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà kẹta, ó ní kí wọ́n kó jáde, kí àwọn ọ̀rẹ́ òun lè máa gbé ibẹ̀.

Òkété bọ́ sínú gọ́tà, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló gbẹ́ gọ́tà yìí?
Àwa ni, àwa ni!
Níbo ni Erin wà lọ́jọ́ náà?
Ó ń sùn, ó ń sùn!

Erin fẹsẹ̀ janlẹ̀. "Ẹ ò mọ̀ mí ni?"

Òkété na ọkọ́ sí i. "A mọ̀ yín, bàbá. Ọ̀la la tún ń ṣọ̀wẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe baálẹ̀ wa, ọkọ́ rẹ̀ rèé."

Erin wo ọkọ́, ó wo ẹrẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Géètì rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n hú u, wọ́n fi ṣe afárá sórí gọ́tà. Bí mo bá parọ́, kí n yọ̀ ṣubú lórí rẹ̀.